Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Àwọn Tí Ó Pààrọ̀ Yunifásítì ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn ní ọdọọdún nígbà tí àwọn yunifásítì wa bá gbé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé jáde. Ẹni tí ó rí orúkọ rẹ̀ ní yunifásítì tí ó fẹ́ràn jù ń fò fáyọ̀. Ẹni tí wọ́n gbé lọ sí ibòmíràn ń sọkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kò ní pẹ́ tí irú akẹ́kọ̀ọ́ kejì yìí yóò fi wá bá olùkọ́ rẹ̀, tí yóò sì béèrè pé: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí mo bá lọ sí ibi tí wọ́n gbà mí yìí fún ọdún kan, ǹjẹ́ mo lè ti ibẹ̀ bọ́ sí èyí tí mo fẹ́?”

Ìbéèrè ńlá ni. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ọdún mẹ́ta jókòó sílé nítorí pé yunifásítì kan ṣoṣo ni ó fẹ́. Mo sì ti rí òmíràn tí ó wọ ibi tí wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n tí kò fi ọkàn sí ìwé níbẹ̀ nítorí pé ibòmíràn ni ọkàn rẹ̀ wà. Àwọn méjèèjì pàdánù àkókò, àkókò kò sì ṣe é rà padà. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a wo ìtàn kí a tó fún ọmọ ní ìmọ̀ràn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni n ó ti mú àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ti pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti máa ń lo ọdún kan tàbí méjì ní ilé ẹ̀kọ́ kan, kí wọ́n tó ti ibẹ̀ bọ́ sí yunifásítì tí ó ṣòro wọ̀ jù ú lọ, àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìtàn náà kọ́ mi, kí òǹkàwé lè máa fi wo àwọn àpẹẹrẹ tí ó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí yunifásítì ńlá gbà ní ọdún kejì ni ó mọ̀wé, pé ẹni tí wọn kò gbà kò mọ̀wé tó. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. Ilẹ̀kùn ọdún kejì kì í ṣí nítorí ìmọ̀wé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ìgbà tí yunifásítì bá ní àyè, tàbí tí ó bá ní ohun kan tí ó ń wá, ni ó máa ń ṣí i. Bí kò bá sí èyí, ilẹ̀kùn náà yóò wà ní títì, bí ó ti wù kí ẹni tí ó ń kàn án mọ̀wé tó.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọdún mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń lò kí ó tó gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá yege nínú rẹ̀ ní iye kírẹ́díìtì tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kúrò lẹ́yìn ọdún kìn-ín-ní, yóò fi èsì gbogbo iṣẹ́ tí ó ti ṣe ránṣẹ́ sí yunifásítì tuntun, pẹ̀lú èsì ilé ìwé girama rẹ̀, àròkọ nípa ara rẹ̀ àti lẹ́tà láti ọwọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀. Yunifásítì tuntun ni yóò pinnu bóyá yóò gbà á. Òun náà ni yóò sì pinnu èwo nínú àwọn kírẹ́díìtì náà ni yóò kà fún un, èwo ni yóò sì dà nù.

Níhìn-ín ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kìn-ín-ní, gbogbo ìjókòó àti gbogbo ibùsùn tí ó ṣófo ni yunifásítì ń wá ènìyàn fún. Ní ọdún kejì, àyè tí ó bá wà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn tí ó kúrò lọ. Ní yunifásítì olówó tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, àwọn tí ó ń kúrò kò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè máa du àyè tí kò tó ogún. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ìtàn lọ.

Du Bois: láti Fisk sí Harvard

Ní ọdún 1868 ni wọ́n bí W. E. B. Du Bois ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Great Barrington, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Aláwọ̀ dúdú ni, ó sì mọ̀wé gidigidi. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń fi ojú sí Harvard, yunifásítì tí ó pẹ́ jù tí ó sì lókìkí jù ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1885, kò sì sí owó. Ẹ̀kọ́ ilé ìwé ìlú rẹ̀ pàápàá kò dé ojú ìwọ̀n tí Harvard ń béèrè. Àwọn ìjọ kan dá owó jọ fún un, wọ́n sì rán an lọ sí Fisk, ní ìlú Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ọdún 1866, lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ni wọ́n dá Fisk sílẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú àti fún àwọn ọmọ wọn.

Du Bois kò fi ìbànújẹ́ ba ọdún rẹ̀ ní Fisk jẹ́. Ó kàwé, ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nígbà ìsinmi ó sì lọ ń kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní ìgbèríko Tennessee. Ó gboyè ní ọdún 1888. Ní àsìkò yẹn gan-an, Harvard ń fẹ́ kí a yé pè é ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ará agbègbè New England nìkan. Ó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ láti Gúúsù àti Ìwọ̀-Oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ó sì ya owó ìrànwọ́ sọ́tọ̀ fún wọn. Du Bois kọ̀wé, wọ́n sì gbà á. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ọmọ Massachusetts tí kò lè wọ Harvard láti ìtòsí ilé, Tennessee tí ó jìnnà ni ó gbà wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ó san owó ẹnubodè. Oyè tí ó ti gbà ní Fisk, Harvard kò kà á sí oyè. Ọdún kẹta ni wọ́n fi í sí, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọdún méjì. Du Bois gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1890 ó gba oyè àkọ́kọ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì, pẹ̀lú ìyìn, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n yàn láti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìgboyè. Ní ọdún 1895 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard.

Harvard fún un ní olùkọ́ pàtàkì bíi William James. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà á mọ́ra, ìta ọgbà yunifásítì ni ó sì ń gbé. Nígbà tí ó kọ ìwé rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, The Souls of Black Folk, ní ọdún 1903, ó ya orí kan sọ́tọ̀ fún ilé ìwé ìgbèríko Tennessee tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ nígbà ìsinmi Fisk. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rò pé ọdún tí òun lò ní ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ọdún òfo, kí ó ronú lórí èyí. Ohun tí Du Bois rí ní Tennessee kò sí ní yàrá ìkàwé Harvard.

Àwọn tí ó gba òdìkejì ọ̀nà

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó pààrọ̀ yunifásítì ni ó ń lọ sí ibi tí orúkọ rẹ̀ tóbi jù. Langston Hughes, akéwì aláwọ̀ dúdú, wọ Yunifásítì Columbia ní ìlú New York ní ọdún 1921. Bàbá rẹ̀ tí ó ń gbé ní Mẹ́síkò ni ó ń san owó náà, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun di onímọ̀ ẹ̀rọ. Ọmọ fẹ́ kéwì. Nígbà tí Hughes dé, tí ó bèèrè fún yàrá tí ó ti kọ̀wé sílẹ̀ fún, àwọ̀ ara rẹ̀ di ìṣòro lójú àwọn tí ó gbà á lálejò. Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò jìnnà síbẹ̀, ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ní ọdún 1922, lẹ́yìn ọdún kan péré, ó kúrò.

Ó ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó sì bá ọkọ̀ dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1923. Ní ọdún 1926 tí ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ó wọ Yunifásítì Lincoln ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó gboyè níbẹ̀ ní ọdún 1929. Kò sí ẹni tí ó lè sọ lónìí pé Hughes já sí òfo nítorí pé ó fi ilé ẹ̀kọ́ olókìkí sílẹ̀.

Lincoln yìí kan náà ni ọmọ Nàìjíríà kan dé. Ní ọdún 1925 ni Nnamdi Azikiwe wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Storer College, ní Harpers Ferry, ìpínlẹ̀ West Virginia, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sí Yunifásítì Howard ní Washington, ilé ẹ̀kọ́ tí òkìkí rẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú. Owó ni ó lé e kúrò níbẹ̀ lọ sí Lincoln, níbi tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1930. Ọmọ tí ó gba ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta kọjá kí ó tó gba oyè kan ni ó dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1937, òun ni ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà ní ọdún 1963. Nígbà tí Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960, Azikiwe ni ó wà nídìí rẹ̀, ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà tí ó ti rí fún ara rẹ̀ ni wọ́n sì tẹ̀ lé níbẹ̀.

California: ibi tí ìjọba ti ya ilẹ̀kùn sọ́tọ̀

Títí di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ ni ó ń ṣe nípa ìpààrọ̀. Ìpínlẹ̀ California ni ó sọ ọ́ di ètò ìjọba. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iye ọmọ tí wọ́n ń bí pọ̀ sí i, àwọn olóṣèlú sì mọ̀ pé yóò tó àkókò kan tí gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò máa kan ilẹ̀kùn yunifásítì. Ní ọdún 1960 wọ́n ṣe ètò kan, Clark Kerr tí ó jẹ́ ààrẹ Yunifásítì California sì wà lára àwọn tí ó ṣe bẹbẹ nínú rẹ̀.

Ètò náà pín ilé ẹ̀kọ́ gíga sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn tí èsì wọn bá wà lára ìdá kan nínú mẹ́jọ tí ó ga jù ni Yunifásítì California, tí Berkeley àti UCLA wà lábẹ́ rẹ̀, yóò máa gbà láti ilé ìwé girama. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ yóò máa gbà láti inú ìdá kan nínú mẹ́ta tí ó ga jù. Gbogbo ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí ó wà ládùúgbò wọn. Títí dé ibí yìí, ó lè dà bí ẹni pé wọ́n kàn yọ ọ̀pọ̀ ọmọ sẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n ètò náà tún pàṣẹ pé kí yunifásítì dín àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ kù, kí wọ́n jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún, kí àwọn ọdún ìparí sì jẹ́ 60. Àyè tí ó lé yìí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó bá ti ṣe dáadáa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé títí di òní, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gba kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò bọ́ sí Berkeley tàbí UCLA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì wà lára àwọn yunifásítì tí ó ṣòro wọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ California mọ̀wé ju ti ìpínlẹ̀ yòókù lọ. Ẹnì kan ni ó jókòó ní ọdún 1960 tí ó ka ìjókòó, tí ó sì fi díẹ̀ pamọ́ dè wọ́n.

Àwọn obìnrin Yale, ọdún 1969

Àpẹẹrẹ tí ó fi ọ̀rọ̀ mi hàn kedere jù ni ti Yale. Láti ọdún 1701 tí wọ́n ti dá Yale sílẹ̀, ọkùnrin nìkan ni ó ń kàwé gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àwọn obìnrin tí ó mọ̀wé jù ń lọ sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin bíi Vassar, Smith àti Wellesley. Ṣùgbọ́n bí ọdún 1960 sí 1969 ti ń lọ, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kò fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ọkùnrin nìkan mọ́. Àwọn tí Yale gbà ń yan ibòmíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, Yale àti Vassar bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò bóyá Vassar lè kó kúrò ní Poughkeepsie wá sí New Haven, kí àwọn méjèèjì lè jọ wà pa pọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1967, Vassar ní òun kò lọ síbì kankan.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin Yale fúnra wọn pe obìnrin 750 láti kọ́lẹ́ẹ̀jì 22 láti wá lo ọ̀sẹ̀ kan ní Yale, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1968, ọ̀gá yunifásítì náà, Kingman Brewster, kéde pé Yale yóò gba obìnrin ní sáà tí ó ń bọ̀. Kò ku ọdún kan.

Níbí ni ìpààrọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí Yale bá gba obìnrin sí ọdún kìn-ín-ní nìkan, àwọn ọdún tí ó wà lókè wọn yóò ṣì jẹ́ kìkì ọkùnrin fún ọdún mẹ́ta gbáko. Nítorí náà Yale ṣí ọdún kejì àti ọdún kẹta sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, obìnrin tí ó wọ Yale lé ní 570. Nínú wọn, 230 ni ó wà ní ọdún kìn-ín-ní. Gbogbo àwọn yòókù, tí wọ́n lé ní 340, ni wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wá. Ní Princeton, tí ó gba obìnrin ní ọdún kan náà, 101 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kìn-ín-ní, nǹkan bí 70 sì ti ibòmíràn wá.

Ẹ ronú nípa ọmọbìnrin kan tí ó wà ní ọdún kìn-ín-ní ní Smith ní ọdún 1967. Bí ó ti wù kí ó mọ̀wé tó, kò lè pààrọ̀ sí Yale. Ní ọdún 1969, ọmọ kan náà, pẹ̀lú èsì kan náà, lè wọlé. Opọlọ rẹ̀ kò yí padà. Yale ni ó yí padà, nítorí pé ó ń pàdánù àwọn ọkùnrin tí ó fẹ́.

Àwọn obìnrin náà dé, wọ́n sì bá ìṣòro tí ẹni tí ó dé lẹ́yìn máa ń bá. Ọkùnrin bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni ó yí wọn ká. Yale pín wọn sí ilé ìgbé méjìlá, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fọ́n ká. Ẹni tí ó wọlé ní ọdún kejì tàbí ìkẹta bá àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀, òun nìkan ni kò mọ ẹnì kan. Yàtọ̀ sí èyí, Brewster ti ṣèlérí fún àwọn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde pé Yale kò ní dín iye ọkùnrin tí ó ń kọ́ jáde lọ́dọọdún kù sí ìsàlẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan. Ìyẹn ni pé ìwọ̀nba obìnrin tí àyè bá gbà ni wọn yóò máa mú, láìka bí wọ́n ti mọ̀wé tó sí.

Wọn kò dákẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1970, nǹkan bí ogójì nínú wọn wọ inú àsè ọ̀sán tí Yale ń ṣe fún àwọn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba pé iye tí wọ́n fi lélẹ̀ fún obìnrin kò tọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1972 ni ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso Yale fi òpin sí ìlérí ẹgbẹ̀rún ọkùnrin náà. Nígbà náà, àwọn tí ó wọlé sí ọdún kẹta ní 1969 ti jáde láti ọdún 1971. Àwọn àbúrò wọn ni ó jẹ èso ìjà wọn.

Ilẹ̀kùn tí ń ṣí, tí ń tì

Lẹ́yìn àsìkò yìí, àwọn kan rí àyè wọlé. Ẹni tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Barack Obama. Ó lo ọdún méjì ní Occidental College ní Los Angeles, láti 1979 sí 1981, kí ó tó bọ́ sí Columbia, ó sì gboyè níbẹ̀ ní ọdún 1983. Columbia tí Hughes kúrò ní ọdún 1922 ni Obama wá ní ìwọ̀n ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà. Ilé kan náà ni. Ayé inú rẹ̀ ni ó ti yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ní ibòmíràn, ilẹ̀kùn tì. Princeton dáwọ́ gbígba akẹ́kọ̀ọ́ láti yunifásítì mìíràn dúró ní ọdún 1990. Fún ọdún tí ó ju 25 lọ, kò sí èsì tí ó dára tó láti mú ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà yẹn wọ Princeton. Ní ọdún 2018 ni wọ́n tún ṣí i, pẹ̀lú èrò pé kí ó jẹ́ ọ̀nà fún àwọn ọmọ tálákà, àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ ológun àti àwọn tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Ènìyàn 1,429 ni ó kọ̀wé béèrè ní ọdún náà. Mẹ́tàlá ni wọ́n fún ní àyè.

Harvard náà ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1908 kọ́, ọdún 2008 tí ojú wa rí ni, Harvard kéde pé fún ọdún méjì òun kò ní gba ẹnikẹ́ni láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Kí ni ìdí? Ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ti kún. Àwọn kan ti kọ̀wé béèrè kí ìkéde náà tó jáde, wọ́n ti kó èsì wọn jọ, àwọn olùkọ́ wọn sì ti kọ lẹ́tà. Ibùsùn ni ó fa ìdáhùn tí wọ́n gbà, kì í ṣe ìwé.

Cornell ní tirẹ̀ ní àṣà mìíràn. Ó máa ń sọ fún àwọn kan tí kò gbà sí ọdún kìn-ín-ní pé kí wọ́n lọ ka ọdún kan níbòmíràn, pé bí èsì wọn bá dé ìwọ̀n tí òun là sílẹ̀, òun yóò gbà wọ́n ní ọdún kejì. Èyí náà fi hàn pé yunifásítì lè gbà pé ọmọ mọ̀wé, síbẹ̀ kí ó má ní àyè fún un lọ́dún yẹn.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Àwa náà ní irú ìtàn yìí. Wọlé Ṣóyínká wọ University College ní Ìbàdàn ní ọdún 1952, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà lábẹ́ Yunifásítì London. Ní ọdún 1954 ó bọ́ sí Yunifásítì Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gboyè níbẹ̀. Lónìí Ìbàdàn ń pè é ní ọmọ rẹ̀, Leeds náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ tí ó ń bi wá léèrè nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún wọn. Ní Nàìjíríà, ìpààrọ̀ láti yunifásítì kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ JAMB kọjá, yunifásítì tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ wọ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ bóyá àyè wà. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò rọrùn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi gbogbo ìrètí rẹ̀ kọ́ ọ.

Nínú ìtàn tí a ti kà, mo rí ohun mẹ́rin tí olùkọ́ lè sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Èkíní, kí ó má jókòó sílé nítorí orúkọ yunifásítì kan. Gbogbo àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí, ibìkan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ti orí àga ilé bàbá rẹ̀ pààrọ̀ yunifásítì.

Èkejì, kí ó ka ọdún kìn-ín-ní bí ẹni pé ibẹ̀ ni yóò parí rẹ̀ sí. Èsì tí yóò gbé e kúrò náà ni èsì tí yóò gbé e dúró bí kò bá rí àyè lọ. Lẹ́tà tí yunifásítì tuntun ń béèrè, olùkọ́ ibi tí ó wà nísinsìnyí ni yóò kọ ọ́. Ọmọ tí ó ń kẹ́gàn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lójú àwọn olùkọ́ rẹ̀, ta ni yóò kọ lẹ́tà rere fún un?

Ẹ̀kẹta, kí ó ṣírò ohun tí yóò san. Du Bois tún ọdún méjì kà. Àwọn obìnrin Yale fi ọ̀rẹ́ àti ilé tí ó mọ̀ wọ́n sílẹ̀ lọ bá àwọn àjèjì. Kírẹ́díìtì lè dànù, owó lè pọ̀ sí i, ọdún lè gùn sí i. Nígbà mìíràn ohun tí ènìyàn ń lọ gbà tó bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn kò tó. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, bí wọn kò bá gbà á, kí ó má fi orí ara rẹ̀ bú. Àwọn tí ó mọ̀wé tí wọ́n bá ilẹ̀kùn Princeton ní títì láàárín ọdún 1990 sí 2018, kò sí ẹni tí ó lè kà wọ́n tán. Ìdáhùn “kò sí àyè” àti ìdáhùn “o kò tó” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n inú àpò ìwé kan náà ni wọ́n sábà máa ń bá dé, ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kì í sì í lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ ni láti bá a mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ọmọ bá tún wá béèrè lọ́wọ́ yín bóyá òun lè ti ibi tí wọ́n gbà á bọ́ sí ibi tí ó fẹ́, ẹ má sọ fún un pé kò ṣeé ṣe, ẹ má sì sọ fún un pé ó rọrùn. Ẹ sọ ìtàn Fisk àti Harvard fún un. Ẹ sọ ti àwọn obìnrin Yale, kí ẹ sì sọ ti Hughes tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà kí ẹ rán an létí pé òótọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dé ọjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà kan.